Àwọn Òrìṣà Tí Kò Lè Kú àti Àwọn Akọni Tí Ó Kú: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtàn Ilẹ̀ Gíríìkì Àtijọ́

A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù bá wa rìn jìnnà díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ilẹ̀ Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ, Gíríìkì ayé àtijọ́, kí a tó bí Olúwa wa.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ọmọ wa a máa bá ìtàn Zeus àti Hera, Achilles àti Hector pàdé nínú ìwé. Ọmọ tí ó bá ní làákàyè yóò sì béèrè pé: báwo ni ó ti jẹ́ tí àwọn tí a ń pè ní òrìṣà nínú ìtàn wọ̀nyí fi ń purọ́, tí wọ́n ń jowú, tí wọ́n sì ń gba aya aláya, nígbà tí ọmọ ènìyàn tí ó wà lábẹ́ wọn ń hu ìwà tí ó sàn ju tiwọn lọ? Òbí mìíràn a gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, a sì sọ ọ́ sí orí àjà. Lójú tiwa, ìbéèrè náà dára púpọ̀, ó sì tọ́ kí á dáhùn rẹ̀. Ìdáhùn wa kò gùn. Àwọn òrìṣà Gíríìkì kò lè kú, nítorí náà ohun tí wọ́n ń ṣe kò ná wọn ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n akọni mọ̀ pé òun yóò kú, nítorí náà gbogbo ohun rere tí ó bá ṣe, ọ̀wọ́n ni ó rà á. Ẹ jẹ́ kí á tú u palẹ̀.

Àwọn Gíríìkì gbà pé orí òkè Olympus ni àwọn òrìṣà wọn ń gbé. Òkè náà wà níbẹ̀ títí di òní, ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 9,500 lọ, kò sì sí òkè mìíràn tí ó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Gíríìkì. Zeus tí ó ni àrá ni olórí wọn. Akéwì Homer sọ nínú ìwé Iliad pé òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì ṣẹ́ kèké láti pín ohun gbogbo: ojú ọ̀run bọ́ sí ọwọ́ Zeus, òkun bọ́ sí ọwọ́ Poseidon, ibùgbé àwọn òkú bọ́ sí ọwọ́ Hades, ilẹ̀ ayé àti òkè Olympus sì di àjùmọ̀ní. Akéwì kejì, Hesiod, sọ bí Cronus bàbá wọn ti ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mì bí a ti ń bí wọn, nítorí ìbẹ̀rù kí ọ̀kan nínú wọn má baà gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Àti bí ìyá wọn ti fi aṣọ ọmọ di òkúta, tí ó sì gbé e fún Cronus mì dípò Zeus. Nígbà tí Zeus fúnra rẹ̀ gba ìjọba, ẹ̀rù kan náà bà á, ó sì gbé Metis aya rẹ̀ mì.

Orúkọ àwọn òrìṣà wọ̀nyí dàgbà ju Homer lọ. Ní 1952 ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Michael Ventris, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilé, rí ọ̀nà láti ka irú ìwé kan tí a kọ sí ara wàláà amọ̀, tí a hú jáde ní Knossos àti Pylos. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akọ̀wé ààfin ni: wọ́n ka àgùntàn, wọ́n wọn òróró, wọ́n kọ ọrẹ tí a mú wá fún òrìṣà sílẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti rí orúkọ Zeus, Hera àti Poseidon, láti ohun tí ó ju 3,000 ọdún sẹ́yìn lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé àwọn oníwàásù ni ó kọ́kọ́ rí àléébù àwọn òrìṣà náà. Àwọn Gíríìkì fúnra wọn ti rí i. Xenophanes, tí ó gbé ayé ní ohun tí ó ju 500 ọdún lọ ṣáájú ìbí Olúwa wa, bá Homer àti Hesiod wí pé wọ́n gbé olè jíjà, àgbèrè àti ẹ̀tàn ka orí àwọn òrìṣà. Plato sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìlú rere pé kí a má ṣe jẹ́ kí àwọn ìyá àti olùtọ́jú sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé tí ó yẹ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun?

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó jinlẹ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ wọn lọ. Ẹ wo ogun Troy. Nínú ogun náà Diomedes, ọ̀kan nínú àwọn akọni Gíríìkì, fi ọ̀kọ̀ ya ọwọ́ Aphrodite. Òrìṣà náà ké, ó sá lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀, egbò sì jinná lójú ẹsẹ̀. Àwọn òrìṣà ìyókù fi í rẹ́rìn-ín. Diomedes gún Ares, òrìṣà ogun, pẹ̀lú. Ares ké bí ẹgbàárùn-ún ọkùnrin lójú ìjà. Wọ́n fi oògùn sí i, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ dáradára, ó sì jókòó ti Zeus bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bí Zeus àti Hera bá jà ní òwúrọ̀, àsè ni wọn yóò jẹ ní alẹ́. Ní ọjọ́ kan náà, ní ìsàlẹ̀ òkè, ọmọ ènìyàn tí a gún kò jí mọ́, aya rẹ̀ sì di opó. Ogun tí ó jẹ́ eré fún àwọn ti òkè ni ó jẹ́ òpin ayé fún àwọn ti ilẹ̀.

Ìgbà kan ṣoṣo ni ìbànújẹ́ máa ń wọ òkè Olympus ní tòótọ́, nígbà tí òrìṣà bá bí ọmọ tí yóò kú. Zeus rí Sarpedon ọmọ rẹ̀ tí ikú ń bọ̀ wá bá, ó sì fẹ́ gbà á. Hera rán an létí pé bí ó bá gba tirẹ̀, olúkúlùkù òrìṣà yóò fẹ́ gba tirẹ̀ pẹ̀lú. Zeus dákẹ́, ó rọ òjò ẹ̀jẹ̀ sí ilẹ̀, ọmọ náà sì kú. Thetis, òrìṣà inú òkun, bí Achilles fún Peleus tí í ṣe ọmọ ènìyàn. Gbogbo ọjọ́ ayé ọmọ náà ni ìyá fi ń sunkún rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn.

Akọni wá yàtọ̀ sí òrìṣà. Nínú ìtàn Gíríìkì, akọni ni ẹni tí ó lágbára púpọ̀, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ òrìṣà, ṣùgbọ́n tí kò lè ṣàìkú. Àní Heracles ọmọ Zeus, tí ó ṣe iṣẹ́ méjìlá, tí ìtàn sì sọ pé a gbà sí àárín àwọn òrìṣà níkẹyìn, inú iná ni ó gbà kọjá. Aṣọ olóró tí aya rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i láìmọ̀ ni ó ń jẹ ẹran ara rẹ̀, títí ó fi ní kí a gbé òun lé orí igi kí a sì dáná sun òun ní òkè Oeta. Ní ti Achilles, ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀: bí ó bá padà sílé, yóò dàgbà, yóò darúgbó, a ó sì gbàgbé orúkọ rẹ̀, bí ó bá dúró jà ní Troy, yóò kú ní èwe, orúkọ rẹ̀ kì yóò sì parun. Òrìṣà kò ní irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe láé.

A fẹ́ kí ẹ̀yin bàbá àti ìyá mú àwọn ọmọ yín dé ibi méjì nínú ìtàn yìí. Èkínní ni ẹnu ibodè Troy. Hector, ọmọ ọba ìlú náà, ti ojú ogun wá, ó pàdé Andromache aya rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ wọn tí olùtọ́jú gbé sí àyà. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ kí ó má padà sójú ogun, nítorí Achilles ti pa bàbá rẹ̀ àti àwọn arákùnrin rẹ̀ méje, kò sì ní ẹlòmíràn mọ́ bí kò ṣe Hector. Hector dá a lóhùn pé ojú yóò ti òun bí òun bá fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí Troy yóò ṣubú, kò sì sí ohun tí ó dùn òun nínú ìparun náà tó ìkólẹ́rú aya òun. Nígbà náà ni ó na ọwọ́ sí ọmọ. Ìrù ẹṣin tí ń mì lórí àṣíborí rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ náà, ó sì figbe ta. Bàbá àti ìyá rẹ́rìn-ín. Hector ṣí àṣíborí kúrò lórí, ó gbé e sílẹ̀, ó fi ẹnu ko ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ó sì gbàdúrà kí a lè wí lọ́jọ́ kan pé ọmọ náà sàn ju bàbá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí ó dé àṣíborí rẹ̀, ó sì lọ. Ẹ wò ó: Cronus gbé ọmọ mì kí ọmọ má baà jù ú lọ, Hector gbàdúrà kí ọmọ lè jù ú lọ. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò fi ayé sílẹ̀ ni ó lè fi inú dídùn wo ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀.

Ibi kejì ni àgọ́ Achilles, ní òru. Hector ti pa Patroclus, ọ̀rẹ́ tí Achilles fẹ́ràn bí ara rẹ̀. Achilles sì pa Hector. Inú rẹ̀ kò sì rọ̀ síbẹ̀. Ó so òkú náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ogun, ó ń wọ́ ọ nínú eruku, kò sì jẹ́ kí a sin ín. Àwọn òrìṣà ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà títí di ọjọ́ kejìlá, kí Zeus tó pàṣẹ pé kí a dá òkú padà. Priam, ọba arúgbó, bàbá Hector, dìde. Ó kó ohun ìràpadà sínú kẹ̀kẹ́: aṣọ olówó iyebíye ní méjìlá méjìlá, tálẹ́ńtì wúrà mẹ́wàá, ìkòkò mẹ́rin tí ń dán, àti ago kan tí ó dára jùlọ ní ilé rẹ̀. Òun àti ìránṣẹ́ arúgbó kan ṣoṣo ni ó jáde lọ sí ibùdó àwọn ọ̀tá. Hermes, oníṣẹ́ àwọn òrìṣà, pa ara dà di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó sìn wọ́n kọjá àwọn olùṣọ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Achilles, Hermes padà sí òkè Olympus. Kò wọlé.

Priam wọlé. Ó kúnlẹ̀, ó di orúnkún Achilles mú, ó sì fi ẹnu ko ọwọ́ tí ó pa púpọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Kò ṣẹ́ èpè, kò sì ka ẹ̀sùn. Ó ní kí Achilles rántí Peleus bàbá rẹ̀, arúgbó bí òun, tí ó jókòó nílé tí ó ń wo ọ̀nà; ṣùgbọ́n Peleus ṣì ní ìrètí láti rí ọmọ rẹ̀, òun kò ní. Achilles mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé Peleus pẹ̀lú kì yóò rí ọmọ mọ́. Ó rọra ti arúgbó náà sẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́kún. Ọ̀kan ń sunkún Hector, èkejì ń sunkún bàbá rẹ̀ àti Patroclus, ẹkún wọn sì kún ilé.

Kì í ṣe pé Achilles di àgùntàn lójijì. Inú ṣì ń bí i, ó sì kìlọ̀ fún Priam kí ó má ṣe ta òun jí. Ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀, ó sì ṣọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí a wẹ òkú Hector ní ibi tí bàbá kò ti lè rí i, kí ìbínú má baà ru arúgbó náà sókè, kí òun pẹ̀lú má baà pa á. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkú náà lé orí àkéte. Ó pa àgùntàn, ó sì rọ Priam kí ó jẹun, nítorí kò tí ì fi oúnjẹ kan ẹnu láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà ó béèrè iye ọjọ́ tí wọn yóò fi ṣe ìsìnkú, kí òun lè dá ogun dúró. Priam bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá: mẹ́sàn-án fún ọ̀fọ̀, ìkẹwàá fún ìsìnkú, ìkọkànlá fún mímọ òkìtì ibojì, bí a bá gbọ́dọ̀ jà, kí a jà ní ọjọ́ kejìlá. Achilles gbà. Ìsìnkú Hector ni Iliad sì parí sí. Kò sọ bí Troy ti ṣubú, kò sì sọ bí Achilles ti kú.

Ẹ̀yin ará, Zeus lè pàṣẹ kí a dá òkú padà, ó sì pa á. Hermes lè mú arúgbó kọjá àwọn olùṣọ́, ó sì ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹkún inú àgọ́ yẹn kọjá agbára wọn. Ẹni tí kò lè sọ ọmọ nù, tí bàbá rẹ̀ kò lè darúgbó, tí ara rẹ̀ kò lè jẹrà, kò lè wo ojú ọ̀tá kí ó rí ojú bàbá ara rẹ̀ níbẹ̀. Àdúrà ilé wa ni pé kí ọmọ sin bàbá. Bàbá tí ó sin ọmọ ni ó kọ́ apànìyàn náà ní àánú.

Odysseus, akọni kejì tí Homer kọ ìtàn rẹ̀, mọ iye ohun tí a ń sọ yìí. Ọdún méje ni ó fi wà ní erékùṣù Calypso, òrìṣà obìnrin kan tí ó fẹ́ sọ ọ́ di ẹni tí kò ní kú, tí kò sì ní darúgbó láé. Odysseus jẹ́wọ́ pé Penelope aya òun kò lẹ́wà tó o, nítorí ènìyàn ni, yóò sì gbó. Síbẹ̀ ilé ni ó fẹ́ lọ. Àwa kò mọ ìyìn tí ó tóbi ju èyí lọ fún ìgbéyàwó, pé ọkùnrin kan kọ àìkú kí ó lè bá aya rẹ̀ darúgbó.

Ìtàn náà kò kú. Ní 334 ṣáájú ìbí Olúwa wa, Alexander ọba Makedóníà dúró ní Troy láti bu ọlá fún ibojì Achilles kí ó tó lọ bá àwọn ará Páṣíà jà. Láàárín 1870 sí 1879, Heinrich Schliemann ará Jámánì walẹ̀ ní Hisarlik, ní ilẹ̀ Tọ́kì, ó sì hú ìlú tí a kọ́ lé orí ìlú jáde níbẹ̀. Ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwa pẹ̀lú. Euripides ará Gíríìkì ti kọ eré lórí àwọn obìnrin Troy tí ogun fi sílẹ̀. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú eré náà, ó fi í sọ ìtàn àwọn obìnrin Òwu lẹ́yìn tí ogun tú ìlú wọn, a sì ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Ẹni tí ó mọ ìtàn Òwu kò nílò ògbufọ̀ kí ó tó mọ ohun tí Andromache ń bẹ̀ fún.

Bíbélì pàápàá bá àwọn òrìṣà wọ̀nyí pàdé. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kẹrìnlá, sọ bí àwọn ará Lístírà ti pe Bánábà ní Zeus, tí wọ́n sì pe Pọ́ọ̀lù ní Hermes, tí àlùfáà Zeus sì mú màlúù àti òdòdó wá láti rúbọ sí wọn. Àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run náà fa aṣọ wọn ya, wọ́n sáré wọ àárín ènìyàn, wọ́n ń kígbe pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara bí tiwọn ni àwọn. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n kọ ipò òrìṣà, wọ́n sì yan ipò ènìyàn.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá béèrè ìdí tí akọni fi sàn ju òrìṣà lọ nínú ìwé rẹ̀, ẹ má ṣe gba ìwé náà. Ẹ ka orí tí Priam wà fún un ní alẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà kí àwa àgbà wo ara wa. Àwa mọ ẹbí tí kò jẹun pọ̀ mọ́ nítorí ààlà ilẹ̀. A mọ ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan kò tẹ ibi ìsìnkú èkejì. Àwọn baba wa sọ pé bí a ń jà, bí í ká kú kọ́. Ọba arúgbó kan tí kò mọ Ìhìnrere fi orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀ níwájú ẹni tí ó pa ọmọ rẹ̀. Akọni kan tí inú ń bí fún un ní oúnjẹ jẹ, ó sì fún un ní ọjọ́ mọ́kànlá. Kí ni ó wá dé tí àwa kò lè fi ọjọ́ kan péré fún arákùnrin wa, nígbà tí àwa àti òun ṣì wà láàyè?

Ó dìgbà, ẹ̀yin olùfẹ́. Kí Olúwa má jẹ́ kí a fi ojú sunkún ọmọ.